Grand Cru pọ́ọ́kú, Premier Cru gbówó lórí: ẹ bá mi tú ohun tó wà lára ìgò wáìnì Faransé

Tèmítáyọ̀_B

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìgò wáìnì pupa mẹ́ta ló wà níwájú mi, láti ilẹ̀ Faransé ni gbogbo wọn ti wá, ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára sì ta kora.

Ìkíní: Saint-Émilion Grand Cru, 2018. Òun ló pọ́ọ́kú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìkejì: Gevrey-Chambertin Premier Cru, Les Cazetiers, 2015. Kò sí «château» (ilé tó ni ọgbà wáìnì) lára rẹ̀, kò pe ara rẹ̀ ní Grand Cru, síbẹ̀ owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti ìkíní.

Ìkẹta: Pauillac, 2010, wọ́n kọ «Grand Cru Classé en 1855» sí i.

Bí Grand Cru bá ju Premier Cru lọ, kí ló dé tí owó wọn rí báyìí? Èwo ni kí n ṣí, èwo ni kí n fi pamọ́? Ìbàdàn ni wọ́n máa wà, ẹ sì mọ bí ooru àti iná ibẹ̀ ṣe rí. Ìyàtọ̀ wo ni kí n máa retí nínú ife? Ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá_Ìgò

Má da ara rẹ láàmú, Tèmítáyọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àdúgbò mẹ́ta ń lò fún ohun mẹ́ta tí kò jọra. Ní Burgundy, níbi tí ìgò kejì rẹ ti wá, ilẹ̀ ló ń joyè. Ní Médoc, apá Bordeaux tí Pauillac wà, ilé ló ń joyè. Ní Saint-Émilion, tó wà ní Bordeaux náà, «Grand Cru» nìkan kì í ṣe oyè rárá, àfi tí «Classé» bá tẹ̀ lé e.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìgò kejì, torí òun ló ta kókó jù. Orí òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Côte d'Or, láti gúúsù Dijon títí kọjá Beaune, ni gbogbo wáìnì pupa Burgundy tó lókìkí jù ti ń wá. Pinot Noir nìkan ni èso wọn, wọn kì í pò ó mọ́ òmíràn. Òkè náà kọjú sí ìlà oòrùn. Lórí rẹ̀ téńté, ilẹ̀ fẹ́lẹ́ lórí òkúta ẹfun, afẹ́fẹ́ tútù sì ń fẹ́ lu igi. Nísàlẹ̀ tó tẹ́jú, amọ̀ jinlẹ̀, omi ń dúró sídìí igi, èso á wú, omi inú rẹ̀ á sì ṣàn. Àárín ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí amọ̀ ti pò mọ́ òkúta ẹfun tí omi sì ń rí ọ̀nà lọ, ibẹ̀ ni Grand Cru wà. Bí o bá dúró lójú títì D974 tí o kọjú sókè, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wàá fi la àwọn ipele náà kọjá: Bourgogne lásán (orúkọ Burgundy lédè Faransé) nísàlẹ̀, wáìnì tó ń jẹ́ orúkọ abúlé tẹ̀ lé e, kí o tó bá Premier Cru àti Grand Cru.

Grand Cru 33 ló wà ní Burgundy. Premier Cru ló tẹ̀ lé wọn. Nítorí náà Les Cazetiers rẹ wà ní ipò kejì nínú mẹ́rin, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Clos Saint-Jacques, Premier Cru tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ wáìnì gbà pé ó tó Grand Cru.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: Gevrey-Chambertin kì í ṣe Chambertin. Chambertin ni ọgbà tó lókìkí jù ní abúlé Gevrey, ní 1847 ni abúlé náà sì so orúkọ ọgbà yẹn mọ́ tirẹ̀, bí a ṣe ń fi orúkọ ọmọ pe abiyamọ ní Ìyá Túndé. Ìyá Túndé kì í ṣe Túndé. Chambolle-Musigny, Vosne-Romanée àti Aloxe-Corton ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Tí o bá rí «Chambertin» nìkan, tàbí tí orúkọ ọgbà bá ṣáájú rẹ̀, bíi Charmes-Chambertin tàbí Mazis-Chambertin, Grand Cru ni. Pẹ̀lú Chambertin-Clos de Bèze, mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn ní Gevrey. Tí «Gevrey» bá ṣáájú, abúlé ni, kí o wá wo ìsàlẹ̀ bóyá wọ́n dárúkọ Premier Cru.

Ọ̀rọ̀ ogún tún wà ńbẹ̀. Òfin Napoleon ti 1804 ní kí gbogbo ọmọ pín ogún bàbá wọn dọ́gba-dọ́gba, ọgbà wá ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ láti ìran dé ìran, débi pé ìlà igi mélòó kan péré ni ẹlòmíràn ní nínú ọgbà tí gbogbo ayé mọ̀. Wo Clos de Vougeot. Nǹkan bíi hẹ́kítà 50 ni, àwọn mọ́ńkì Cistercian ló mọ ògiri yí i ká, àwọn tó ní in lónìí sì tó 80. Ẹni tí ìlà tirẹ̀ wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá tí àwọn mọ́ńkì kọ́, ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí ló ní. Ẹni tí tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá títì, amọ̀ tó ń rin gbingbin lẹ́yìn òjò ló ní. «Clos de Vougeot Grand Cru» ni àwọn méjèèjì ń kọ sára ìgò, òfin sì gbè wọ́n. Ní Burgundy, orúkọ ẹni tó ṣe wáìnì ni kí o kọ́kọ́ wá, kí o tó wo oyè ilẹ̀. Premier Cru láti ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ sàn ju Grand Cru láti ọwọ́ ọ̀lẹ lọ, lójoojúmọ́.

Ó yá, ìgò kẹta. Ní 1855, nígbà tí Napoleon III ń múra ìpàtẹ ńlá ní Paris, àwọn alágbàtà wáìnì Bordeaux to àwọn château sí ipele márùn-ún gẹ́gẹ́ bí iye tí wáìnì wọn ti ń tà bọ̀. 61 ni wọ́n lónìí. Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion ló wà ní ipele kìn-ín-ní láti ìbẹ̀rẹ̀, Mouton dé ibẹ̀ ní 1973. Haut-Brion nìkan ló wà ní Graves, Médoc ni gbogbo àwọn yòókù. Orúkọ ilé ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọn kò wọn ilẹ̀. Bí château kan ní Pauillac bá ra ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ lónìí, èso ilẹ̀ yẹn lè bọ́ sínú ìgò oyè náà. Èyí kò lè ṣẹlẹ̀ ní Burgundy láé.

Ìgò ìkíní kò gba àlàyé gígùn. Ilẹ̀ kan náà ni Saint-Émilion àti Saint-Émilion Grand Cru. Ti Grand Cru ni òfin rẹ̀ le díẹ̀ sí i, èso tí wọ́n lè ká lórí hẹ́kítà kan kéré sí i, wáìnì sì gbọ́dọ̀ pẹ́ sí i kó tó jáde. Àwọn tó ń lò ó pọ̀ bí eṣú. Oyè gidi níbẹ̀ ni Grand Cru Classé àti Premier Grand Cru Classé. Láti 1955 ni wọ́n ti ń tò ó, wọ́n sì ń tún un tò ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní 2022, ilé 85 ló rí oyè gbà: 71 jẹ́ Grand Cru Classé, 14 jẹ́ Premier, Pavie àti Figeac nìkan ló sì gba «A» nínú àwọn 14 yẹn. Cheval Blanc, Ausone àti Angélus ti yọ ara wọn kúrò kí èsì tó jáde.

Àgbà_Àgbá

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìgò. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un torí ó máa tún da Tèmítáyọ̀ láàmú lọ́la. «Premier» ní Burgundy ni ipò kejì. «Premier» ní Bordeaux ni ipò kìn-ín-ní. Ẹ má fi ti ọ̀kan ka èkejì.

«Grand Vin de Bordeaux» kò ní ìtumọ̀ kankan lábẹ́ òfin, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ ni «Mis en bouteille au château» tàbí «au domaine»: níbi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti rọ ọ́ sígò. Kí ẹ tún wo orúkọ tó wà láàárín «Appellation» àti «Contrôlée» tàbí «Protégée». Bí orúkọ àdúgbò yẹn bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni òfin rẹ̀ ń le tó: Bordeaux fẹ̀ jù, Haut-Médoc kéré sí i, Pauillac tún kéré sí i.

Ẹ má sì rò pé àìlóyè ni àìdára. Pomerol, tó múlé gbe Saint-Émilion, kò tíì to àwọn ilé rẹ̀ sí ipò rí. Ibẹ̀ ni Pétrus wà, nǹkan bíi hẹ́kítà 11.5 lórí amọ̀ aláwọ̀ aró, Merlot ni igi rẹ̀, owó rẹ̀ sì kọjá ti àwọn ilé ipele kìn-ín-ní 1855.

Ẹni tó bá fẹ́ wáìnì ńlá tí kò ní já a láyà, kó wo Rhône, àdúgbò wáìnì mìíràn ní Faransé. Òkè kan péré ni Hermitage, nǹkan bíi hẹ́kítà 136, èso Syrah lórí òkúta líle, ó sì wọ́n. Crozes-Hermitage tó yí i ká lo èso kan náà, ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju 1,500 hẹ́kítà lọ, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hermitage. Ní ti owó, Cornas wà láàárín méjèèjì: Syrah nìkan, ó le, ó dúdú, ó ń fẹ́ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá kó tó rọ̀.

Akọ́gbà

Ohun tó máa hàn nínú ife ti wà nínú ilẹ̀ kí èso tó so.

Taàrá ló bo ilẹ̀ Pauillac, òkúta róbótó-róbótó tí odò gbé wá láyé àtijọ́, ó jìn ní mítà mélòó kan láwọn ibòmíràn. Taàrá kì í dá omi dúró, ó ń gba ooru oòrùn lọ́sàn-án, ó sì ń tú u sílẹ̀ fún igi lálẹ́. Cabernet Sauvignon máa ń pẹ́ kó tó pọ́n, ooru yẹn ló ń bá a parí iṣẹ́. Omi Gironde tó gbòòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tún ń dín òtútù kù. Àwọn ará Médoc gbà pé ọgbà tó bá ń rí omi ló dára jù. Èso Cabernet kéré, èèpo rẹ̀ nípọn, inú èèpo àti kóró yẹn sì ni táníìnì ti ń wá, ohun tó ń fún ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ bí ìgbà téèyàn gé obì tútù jẹ. Nínú ìgò kẹta, ẹ máa gbóòórùn èso dúdú, igi kédárì, pẹ́ńsùlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ àti ewé tábà.

Amọ̀ lórí òkúta ẹfun ló gbajúmọ̀ ní Saint-Émilion. Amọ̀ tutù, Cabernet Sauvignon kì í fẹ́ pọ́n dáadáa lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Merlot tó tètè ń pọ́n fẹ́ràn rẹ̀, Cabernet Franc sì ń fi òórùn dídùn kún un. Ó máa rọ̀ lẹ́nu ju Pauillac lọ, agbára ọtí rẹ̀ sì lè pọ̀ jù ú lọ. 14 sí 14.5 lórí 100 kì í ṣe tuntun nínú ọdún olóoru bíi 2018.

Ti Gevrey, ẹ gbé ife rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, ẹ óò lè ka lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má rò pé wọ́n bomi là á. Èèpo Pinot Noir fẹ́lẹ́, àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, táníìnì rẹ̀ kò sì lágbára. Òórùn rẹ̀ ni kí ẹ tẹ́tí sí: ṣẹ́rì pupa, olú, ilẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Èèpo fẹ́lẹ́ yẹn náà ló sọ ọ́ di olówó ńlá, torí òjò díẹ̀ nígbà ìkórè lè mú gbogbo ìdì èso jẹrà, yìnyín kan lè bẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ ọgbà kò ní ìsinmi. Láàárín December sí March ni wọ́n ń rẹ́ igi. Lọ́nà tí wọ́n ń pè ní Guyot, ẹ̀ka kan tàbí méjì péré ni wọ́n ń fi sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí wáyà, gbogbo ìyókù á lọ. Ẹ̀ka tó bá pọ̀ jù á so èso púpọ̀ tí kò ládùn. Ní àwọn ọgbà tó dára jù ní Médoc àti Côte d'Or, igi bí 10,000 ló máa ń wà lórí hẹ́kítà kan, mítà kan síra wọn, kí gbòǹgbò má bàa rí àyè tàn ká, kó lè máa wá ìsàlẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí òdòdó bá yọ, nǹkan bí 100 ọjọ́ ni ìkórè.

April ni oṣù ẹ̀rù. Bí otútù bá já sí 2 tàbí 3 sábẹ́ òdo lóru, ìrì á dì lórí èéhù tútù, ó sì di òkú kí ilẹ̀ tó mọ́. Àbẹ́là ńláńlá ni wọ́n ń tàn sáàárín ìlà igi láti gbà á là. Ní April 2021, ìrì dídì ba ọgbà jẹ́ káàkiri Faransé, ìdí nìyí tí wáìnì Burgundy ọdún náà fi ṣọ̀wọ́n.

Imúwodù (mildew) ni ọ̀tá kejì. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ oògùn rẹ̀ dáadáa: copper sulphate tí wọ́n fi ẹfun sísun pò, omi aláwọ̀ aró tí wọ́n ń fín sí kòkó kó má bàa dúdú jẹrà lórí igi. Bordeaux ló ti wá, orúkọ rẹ̀ náà nìyẹn, Bordeaux mixture. Àwọn ará Médoc ń wọ́n ọn sí igi ẹ̀bá ọ̀nà kí olè má bàa já èso jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Millardet rí i pé àwọn igi yẹn kò ní imúwodù, ó sì gbé àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1885.

Ẹ̀kẹta ni phylloxera, kòkòrò tín-ín-tín láti Amẹ́ríkà tó ń jẹ gbòǹgbò. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo àjàrà Faransé run ní ìdajì kejì ọ̀rúndún 19. Wọ́n lọ́ ẹ̀ka àjàrà Faransé sára ìdí àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò lè pa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe títí dòní.

Nínú agbada tí èso ti ń di ọtí, ooru ló ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n á ṣa èso, wọ́n á yọ igi ìdì rẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan, ìwúkàrà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà. 26 sí 30 °C ni wọ́n ń wá. Bó bá sún mọ́ 35, ìwúkàrà á kú, ṣúgà á ṣẹ́kù, kòkòrò tó ń sọ ọtí di kíkan á sì rí oúnjẹ. Èèpo máa ń léfòó wá sókè, kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ: ní Bordeaux, wọ́n ń fa omi èso láti ìsàlẹ̀ wá dà á lé èèpo lórí, ní Burgundy, wọ́n ń fi igi tẹ èèpo bọ inú omi, torí Pinot kò fẹ́ ipá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni Cabernet ń lò pẹ̀lú èèpo, Pinot kò sábà ju méjì lọ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìfúntí.

Àgbá igi oak ló kàn. Ti Bordeaux ń gba lítà 225, ìyẹn ìgò 300 gééré. Ti Burgundy ń gba 228. Oṣù 15 sí 20 ló sábà máa ń lò níbẹ̀. Ní Bordeaux, wọ́n máa ń yí wáìnì láti àgbá kan sí òmíràn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Funfun ẹyin bíi márùn-ún ni wọ́n ń pò sí àgbá kan, ó ń di táníìnì líle mú lọ sísàlẹ̀. Igi ń mu wáìnì, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa bu òmíràn kún un. Àgbá tí kò kún, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́, ó sì di kíkan. Àgbá ògbólógbòó tí wọn kò fọ̀ dáadáa ló ń bí òórùn ilé ẹṣin.

Tèmítáyọ̀_B

Ẹ ṣeun gan-an ni o, ẹ̀yin àgbà mi. Ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ti yé mi wàyí. Ó ku ti ìpamọ́ àti ṣíṣí. Ṣé fíríìjì ilé ìdáná kò tó? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ooru kò tíì ba wáìnì jẹ́ kó tó dé ọwọ́ mi?

Délé_Àjàalẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo orí ìgò. Ooru máa ń mú wáìnì fẹ̀, á sì ti kọ́ọ̀kì jáde. Ẹ fi ìka kan orí ìdérí tó bo kọ́ọ̀kì: ó yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ìgò tàbí kó wọlé díẹ̀. Bó bá yọ gọngọ sókè, tàbí tí ẹ rí ohun pupa tó gbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò, ó ti gbóná jù níbì kan. Ẹ wá gbé ìgò sójú iná. Wáìnì 2010 tàbí 2015 gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú ọrùn ìgò. Tó bá ti sọ̀ dé èjìká, ó ti ń jò. Wáìnì tí ooru ti sè kì í pani, ṣùgbọ́n èso inú rẹ̀ á máa dùn bí jáàmù tí wọ́n sè jù, òpin rẹ̀ lẹ́nu á sì kúrú.

Ibi tó yẹ wáìnì tí a fẹ́ fi pamọ́ fún ọdún púpọ̀ ni 12 sí 14 °C, inú òkùnkùn, ibi tí kò gbẹ jù, ìgò ní ìdùbúlẹ̀ kí wáìnì lè máa kan kọ́ọ̀kì. Ohun tó burú ju ooru díẹ̀ lọ ni kó máa gbóná kó máa tutù. Lọ́sàn-án wáìnì á fẹ̀, á ti afẹ́fẹ́ jáde. Lóru á sún kì, á fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé lẹ́bàá kọ́ọ̀kì. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń pa á.

Fíríìjì ilé ìdáná dára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí dé oṣù díẹ̀. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tutù jù, ó gbẹ jù, kọ́ọ̀kì á sún kì. Fíríìjì wáìnì dára, ṣùgbọ́n àfi tí ìnfátà tàbí sólà bá ń gbé e nígbà tí iná bá lọ. Bí kò bá sí èyí, inú kúlà tó nípọn, ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yàrá tí oòrùn kì í kàn, ló sàn jù fún oṣù mélòó kan: kò ní tutù, àmọ́ ìwọ̀n ooru rẹ̀ kò ní máa fò sókè sódò. Ẹ má gbé e sórí fíríìjì, ibẹ̀ máa ń gbóná. Búùtù mọ́tò lọ́sàn-án ńkọ́? Wákàtí díẹ̀ ti tó láti ba Gevrey yẹn jẹ́.

Nítorí náà: ẹ mu Saint-Émilion 2018 lọ́dún yìí. Gevrey 2015 ti ń dùn báyìí; nínú àjàalẹ̀ tó tutù ó ṣì lè lò tó ọdún márùn-ún sí i, ní Ìbàdàn láìsí fíríìjì wáìnì, ẹ má jẹ́ kó ju oṣù mélòó kan lọ. 2010 jẹ́ ọdún ńlá ní Bordeaux, táníìnì rẹ̀ pọ̀, ìkan inú rẹ̀ sì múná. Pauillac yẹn lè gbé ọdún 15 tàbí 20 sí i bí ibi tó wà bá tutù. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ilé ìpamọ́ wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú wáìnì tí wọ́n bá rà sí àhámọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, wọn kì í san owó orí rẹ̀ títí wọ́n á fi gbé e jáde. Ìgò tó ti kúrò ní àhámọ́ kì í sábà padà síbẹ̀, nítorí náà kí wọ́n ṣètò rẹ̀ kí wọ́n tó rà.

Ṣíṣí. Ẹ gbé Pauillac náà nàró ní ọjọ́ kan ṣáájú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yọ ìdérí rẹ̀ kúrò pátá, kì í ṣe orí rẹ̀ nìkan, kí ẹ lè rí ọrùn ìgò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí abẹ́ ọrùn náà, kí ẹ máa da wáìnì sínú jọ́ọ̀gì gíláàsì díẹ̀díẹ̀ láìdá ọwọ́ dúró, torí bí ẹ bá gbé ìgò sókè kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ padà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á dàrú. Ní ìparí ẹ óò rí okùn dúdú kan tó ń rọra fà lọ sí ọrùn. Ẹ dúró níbẹ̀. Ohun tó kù nínú ìgò kò ju ìka méjì lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú jọ́ọ̀gì fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Wákàtí kan tó fún Saint-Émilion. Ẹ má da Gevrey sí jọ́ọ̀gì. Ẹ ṣí i, ẹ bu díẹ̀ sí ife ńlá, kí ó máa là fúnra rẹ̀ nínú ife.

«Room temperature» tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ti yàrá wa. 16 sí 18 °C ni fún Bordeaux, 14 sí 16 fún Burgundy. Láti inú yàrá 30 °C, ìṣẹ́jú 15 sí 20 nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìnyín olómi tó. Omi gbọ́dọ̀ wà nínú yìnyín náà, yìnyín láìsí omi kì í kan gbogbo ara ìgò. Ẹ bù ú tutù díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí á gbóná nínú ife kí ẹ tó mu ún dé ìdajì.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó fún àlejò. Òórùn páálí tí omi ti rin, tàbí àkísà tí kò gbẹ, kọ́ọ̀kì ló bà á jẹ́, kì í lọ bó ti wù kí ẹ dúró tó. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Asítónì tàbí ọtí kíkan, ó ti kọjá àtúnṣe. Òórùn iná ìṣáná tàbí ẹyin ńkọ́? Ẹ fi ife rọ́ ọ yípo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sábà máa ń lọ. Ohun wínníwínní tó ń dán nídìí kọ́ọ̀kì kì í ṣe ìgò tó fọ́, iyọ̀ inú èso náà ni.

Àgbà_Àgbá

Délé ti mẹ́nu ba rírà, ẹ jẹ́ kí n fi ti ayédèrú kún un. Ní 2013 ni ilé ẹjọ́ ní New York dá Rudy Kurniawan lẹ́bi torí ó ń ṣe ayédèrú wáìnì ńlá Faransé nínú ilé. Lára ohun tó tú u fó ni Clos Saint-Denis ti Domaine Ponsot tí ó gbé síta pẹ̀lú àwọn ọdún tí ilé náà kò tíì máa ṣe wáìnì yẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wádìí bóyá wáìnì náà wà ní ọdún tó wà lára ìgò. Wọ́n hú igi Romanée-Conti, ọgbà Grand Cru olókìkí kan ní Burgundy, lẹ́yìn ìkórè 1945, wọ́n sì gbin tuntun. Wáìnì rẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni 1952. Bí ẹnikẹ́ni bá fi Romanée-Conti 1948 lọ̀ yín, ẹ sá.

Ìyá_Ìgò

Tèmítáyọ̀, ó ku oúnjẹ. Ata máa ń mú táníìnì àti ọtí gbóná lẹ́nu. Bí o bá fi ẹ̀fọ́ rírò tó ta gbé Pauillac yẹn, kò sí ohun tí wàá rí nínú rẹ̀ ju kíkorò lọ. Ẹran màlúù tàbí àgùntàn yíyan, iyọ̀ nìkan, ọ̀rá díẹ̀ lára rẹ̀, ló bá a mu, torí ọ̀rá àti ẹran ń rọ táníìnì. Gevrey fẹ́ ẹyẹ: adìyẹ ìbílẹ̀ tàbí awó tí wọ́n fi olú sè láìsí ata rodo. Tí ata bá máa wà lórí tábìlì dandan, fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ra Morgon tàbí Fleurie láti Beaujolais. Gamay ni èso wọn, táníìnì wọn kò le, wọ́n sì dùn ní 13 °C. Ìgò kan tó láti bu mìlílítà 125 sínú ife mẹ́fà, má kún ife ju ìdámẹ́ta lọ kí òórùn lè rí ibi dúró sí.